Ṣé Táyé Lè Fún Kẹ́hìndé Ní Kíndìnrín?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ilé ìwé wa lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ tí mo sọ jáde, torí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ìdajì ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, àwọn tó kù sì ti dìde lọ síbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì kí n tó parí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, orí fóònù ni mo ti tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe ẹ fojú fò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe dókítà, lábù ni mo wà. Ẹni tó bá fẹ́ fún ẹlòmíì ní kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì máa ń dé ọwọ́ wa, àwa la máa wò ó bóyá ara ẹni tó fẹ́ gbà á máa gba àlejò yẹn àbí ó máa lé e jáde.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ náà pé tí kíndìnrín yín bá daṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, ta lẹ máa kọ́kọ́ sáré lọ bá? Àǹtí kan tó jókòó níwájú ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ní "Kẹ́hìndé mi ni, ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni Táyé." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo ní ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o.

Lóòótọ́, ara ìbejì ni fífi kíndìnrín ẹnì kan sára ẹlòmíì ti kọ́kọ́ yọrí sí rere. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní Boston ní Amẹ́ríkà. Richard Herrick, ọmọ ọdún 23, kíndìnrín ẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, ó ti ń kú lọ. Ronald, ìkejì ẹ̀, ní òun máa fún un ní ọ̀kan nínú tòun. Dókítà Joseph Murray àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Peter Bent Brigham Hospital ò kàn gbé ọ̀bẹ, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ìbejì ẹlẹ́yin kan ni wọ́n lóòótọ́, débi pé wọ́n ní kí wọ́n lọ tẹ̀ka ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n tún gé awọ díẹ̀ lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ara èkejì, wọ́n ń wò ó bóyá á já bọ́. Awọ yẹn ò já bọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, kíndìnrín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lórí tábìlì níbẹ̀. Richard lo ọdún mẹ́jọ sí i, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹ̀, ó bímọ méjì, kò sì lo òògùn kankan tí kì í jẹ́ kí ara lé kíndìnrín jáde, torí ara ẹ̀ ò mọ̀ pé àlejò ló wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ nìyí. Ilẹ̀ Yorùbá ló lókìkí jù láyé nínú bíbí ìbejì, ẹ mọ Igbó-Ọrà. Nínú ìwádìí àtijọ́, iye ìbejì tiwa lé ní 40 nínú ìbímọ 1000. Àmọ́ ìbejì ẹlẹ́yin kan, irú ti Richard àti Ronald, kò ju nǹkan bíi 4 nínú 1000 lọ, bákan náà ló sì rí níbi gbogbo, yálà ẹ lọ sí China àbí Brazil. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Nínú ìbejì mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá rí ládùúgbò yín, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n kàn jọ háyà inú ìyá wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni. Lójú lábù, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni wọ́n, aṣọ kan náà tí wọ́n ń wọ̀ ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀.

Kí wá ni lábù ń wò? Ẹ jẹ́ n fi ilà ojú ṣàlàyé ẹ̀. Nígbà ogun, ilà ojú lẹ fi máa mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ ní etí odi jẹ́ tiyín àbí tọ̀tá, ẹ rí abàjà, ẹ rí pélé, ẹ rí gọ̀ǹbọ́, ẹ mọ ibi tó ti wá kó tó lanu. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara yín ló kọ ilà báyẹn sójú. HLA lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ará Faransé kan, Jean Dausset, ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú ẹ̀ ní 1958, ó gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1980. Orí chromosome kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí nínú sẹ́ẹ̀lì, ni àwọn jíìnì tí ń kọ ilà yìí wà, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn gan-an, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe wà ní dìpọ̀ náà ni òbí ṣe ń gbé e fọ́mọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilà bàbá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ilà ìyá. HLA-A, HLA-B àti HLA-DR la kọ́kọ́ máa ń wò, méjì méjì ni kálukú, ìyẹn di mẹ́fà.

Bàbá ní dìpọ̀ méjì, ìyá ní méjì, ọmọ mú ọ̀kan ọ̀kan. Torí náà ọmọ ìyá kan bàbá kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni ilà wọn máa bára mu pátápátá, ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́rin á bára mu dé ìdajì, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin kò ní bára mu rárá, bí ẹni pé wọn ò bá ara wọn tan. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwọn èèyàn. Ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé ní Ẹdẹ lè sún mọ́ ilà yín ju àbúrò yín lọ, kì í wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀. Bàbá tàbí ìyá sí ọmọ, ìdajì ni nígbà gbogbo, ó kéré tán. Ọbàkan ńkọ́? Ìdajì ni wọ́n lè dé, tí wọ́n bá sì mú dìpọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára bàbá wọn, kò sí nǹkan kan. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé tí ẹbí bá kó ara wọn wá bí ọlọ́dún, èèyàn mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń bá ara wọn jà ta ló máa yọ̀ǹda, mo máa ń sọ pé ẹ fara balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló máa yàn.

Blọ́ọ̀dù gúrúùpù náà wà níbẹ̀, ìyẹn rọrùn, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: O lè fún gbogbo èèyàn, àmọ́ O nìkan ni O lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Rhesus, ìyẹn àmì plus àti minus yẹn, kò kan kíndìnrín. Ohun tí ń bí mi nínú ni àwọn tó ń rò pé tí gúrúùpù bá ti bá ara mu, ó parí. Ẹnu ọ̀nà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn.

Ta ló wá ń wo ilà? Sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní T cell, àwọn ni sójà. Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n wù mí púpọ̀. Nígbà ogun Hitler, ní Glasgow, ọ̀dọ́bìnrin kan jóná burúkú. Peter Medawar, ọmọ tí wọ́n bí sí Brazil, àti oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Thomas Gibson, mú awọ wínníwínní lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ ẹ̀. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó já bọ́. Wọ́n tún mú òmíràn lára ọkùnrin yẹn náà. Èyí kejì ò pẹ́ rárá, ó yára bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1943 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí Medawar rí níbẹ̀ ni pé ara ń rántí. Tó bá jẹ́ pé awọ yẹn kàn kú fúnra ẹ̀ ni, ìgbà kejì ì bá má yá ju ti àkọ́kọ́. Ara ti mọ ojú àlejò yẹn, ó ti ń dúró dè é.

Ìrántí yẹn gan-an ni iṣẹ́ tèmi. Sójà lè pa ọ̀tá fúnra ẹ̀, àmọ́ ara tún máa ń ṣe ántíbọ́dì, ẹ pè é ní ọfà tí wọ́n ti gbẹ́ kalẹ̀ fún ilà kan pàtó. Tí ọfà ilà Kẹ́hìndé bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ Táyé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ó ti tán.

Bá a ṣe ń wò ó ní ilé iṣẹ́ nìyí, ọ̀nà àtijọ́ ni mo máa sọ torí òun lẹ lè fojú rí. A máa ń ní páànù rọ́bà kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó ní ihò 60 tàbí 72, àwọn ihò yẹn kéré débi pé a máa ń kán òróró sínú wọn kí ohun tá a bá fi síbẹ̀ má baà gbẹ. A ó fi omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ gba kíndìnrín síbẹ̀, èyí tó léfòó lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dì, ó rí bí òróró. A ó kán sẹ́ẹ̀lì funfun ẹni tó fẹ́ fúnni lé e. A dúró. Lẹ́yìn náà a kán omi ẹ̀jẹ̀ ehoro sí i, bẹ́ẹ̀ ni, ehoro, torí nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí í dá ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì tí ọfà bá ti bà. A tún dúró, ó tó wákàtí kan. Ká tó fi àwọ̀ sí i, ká gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á tàn bí ewé tútù, èyí tó ti kú á pọ́n bí ẹyinná. Tí mo bá wò ó tí gbogbo ẹ̀ tutù rẹrẹ, mo máa ń mí kanlẹ̀. Ní báyìí ẹ̀rọ kan wà tí í ka àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú jù ojú mi lọ, àmọ́ àwọn ihò yẹn ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo ṣì fẹ́ràn wọn.

Ẹ má rò pé eré ni. Ní 1969 ọkùnrin méjì ní California, Patel àti Terasaki, tẹ àbájáde 225 iṣẹ́ abẹ kíndìnrín jáde. Nínú 30 tí tẹ́ẹ̀sì wọn pọ́n, kíndìnrín 24 ló kú lójú ẹsẹ̀. Nínú 195 tí tiwọn tutù, 8 péré. Látọjọ́ náà, kò sí oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ tó máa gé èèyàn láìrí ìwé yìí. Bí èyí tó kú lójú ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí ni pé, wọ́n á tú ohun tí wọ́n fi dí iṣan, ẹ̀jẹ̀ á wọ inú kíndìnrín, á pọ́n dáadáa, á le, inú gbogbo èèyàn á dùn, kó tó di pé wọ́n rán awọ tán ó ti dúdú bí ayìnrín. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ ni.

Ibo wá ni èèyàn tí ń rí ọfà ilà ẹlòmíì? Ọ̀nà mẹ́ta: kíndìnrín tí wọ́n ti fi sí i rí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, àti oyún.

Ẹ jẹ́ ká dúró sórí oyún. Tọkọtaya kan wá, mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìyàwó ló ń ṣàìsàn, ó ti bímọ mẹ́rin fún ọkọ ẹ̀, ọkọ yìí ti ta ilẹ̀, ó ti múra tán, O positive ni àwọn méjèèjì. Mo gbé páànù wọn sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó pọ́n láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní irọ́ ni, ó ní àwọn kan ti ra wá. Mo ní bọ̀dá, ẹ jókòó. Ọmọ inú ìyàwó yín, ìdajì ilà ẹ̀ tiyín ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni ilà yín fi wà nínú ara obìnrin yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ máa ń kan tìyá, pàápàá lọ́jọ́ ìbímọ. Ara ẹ̀ ti kọ́ ojú yín, ó ti gbẹ́ ọfà. Ó wò mí. Ó ní "Tó bá jẹ́ èmi ló ń ṣàìsàn ńkọ́?" Mo ní ó ṣeé ṣe kí tiyín rọrùn, ẹ̀yin ò lóyún rí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó wá bi mí nípa àwọn ọmọ, àkọ́bí wọn ti pé ogún ọdún ó lé. Ilà kan náà tí ara ìyá ń bá jà ni ọmọ gbé dání lẹ́rẹ̀kẹ́ kan. Kì í ṣe gbogbo abiyamọ lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí o, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Àbúrò obìnrin yẹn ló pàpà tutù nínú tẹ́ẹ̀sì.

Ti ẹ̀jẹ̀ fífà ló ń dùn mí jù torí a lè dín in kù. Ẹni tó ń ṣe dáyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ń dín, torí kíndìnrín ló ń sọ fún mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà fún un, ó wọ́n, páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan rọrùn láti rí lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, ni wọ́n bá ń fà á sí i, ọ̀sẹ̀ yìí ọ̀kan, oṣù tó ń bọ̀ méjì. Páìǹtì kọ̀ọ̀kan gbé ilà ẹni tó fi sílẹ̀ wá. Ẹni tó ti gba ogún, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè jẹ́ pé gbogbo adúgbò ni ara ẹ̀ ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn tó ń ronú àtigba kíndìnrín, ẹ bi dókítà ẹ̀ léèrè ṣé ẹ̀jẹ̀ yìí pọn dandan.

Ká ní gbogbo ẹ̀ dáa, wọ́n ti fi kíndìnrín sí i. Nísàlẹ̀ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n máa ń fi í sí, wọn kì í sábà yọ ti àtijọ́, torí náà èèyàn á ní mẹ́ta, èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Sójà ṣì wà níbẹ̀ o. Ìkọ̀sílẹ̀, ìyẹn kí ara kọ kíndìnrín, èyí tí T cell ń fà sábà máa ń wáyé láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, creatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó lè máà dun èèyàn rárá. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kíndìnrín wò, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ steroid tó lágbára, ó sì sábà máa ń gbọ́. Ti ántíbọ́dì ló le, èyí tí ń jẹ kíndìnrín díẹ̀díẹ̀ fún ọdún, tẹ́ni kẹ́ni ò mọ̀.

Òògùn ni wọ́n fi ń kun sójà yìí lóorun. Cyclosporine, inú olú wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n bu erùpẹ̀ ẹ̀ ní Norway ni wọ́n ti rí i, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1983. Tacrolimus, inú erùpẹ̀ Tsukuba ní Japan ni tiẹ̀, 1984. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé erùpẹ̀ lásán ló gba gbogbo àwọn èèyàn yìí là.

Ẹ fetí sí èyí. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ CYP3A5, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó lọ tacrolimus túútúú nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀. Lára ọ̀pọ̀ òyìnbó, jíìnì yìí ò ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Torí náà iye tí wọ́n ń fún òyìnbó lè má tó wa, ẹlòmíì nínú wa máa nílò ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì kó tó dé ibi tó yẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má bú dókítà pé ó ń fún yín lóògùn jù, ẹ jẹ́ kó wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lo ti àárọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, bàbá kan lò ó nínú mọ́tò lójú ọ̀nà, èsì ẹ̀ ga gègèrè, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dín òògùn ẹ̀ kù. Òògùn ikọ́ ife tí wọ́n ń pè ní rifampicin máa ń jẹ́ kí tacrolimus wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ọsàn grapefruit máa ń gbé e sókè. Àgbo, mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ẹni tó tà á fún yín náà lè má mọ̀.

Àwọn kan sì máa ń dá òògùn dúró. Wọ́n dá owó iṣẹ́ abẹ jọ lórí WhatsApp, wọ́n gbàgbé owó oṣooṣù. Tàbí kí wọ́n ní ara àwọn ti yá, ìwòsàn ti dé. Sójà kì í gbàgbé ojú. Ọdún kẹwàá ni, ó ṣì ń rántí.

Èyí tó kẹ́yìn ni tiwa gan-an, APOL1. Ẹ ẹ̀ mọ jẹnotáìpù AS, bó ṣe ń gbà wá lọ́wọ́ ibà àmọ́ tí méjì bá pàdé, ó di SS? APOL1 jọ ọ́. Ó ń bá kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri jà, kòkòrò àìsàn oorun. Oríṣi méjì wà nínú ẹ̀, G1 àti G2, tí àwọn onímọ̀ gbà pé ogun kòkòrò yẹn ló jẹ́ kó pọ̀ lára wa. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé ẹni tó bá mú méjì, kíndìnrín ẹ̀ lè tètè bàjẹ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn fún ìwádìí jíìnì àgbáyé, G1 nìkan tó nǹkan bíi 40 nínú ẹ̀dà 100. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, tó jáde ní 2024, rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní méjì, àti pé ọ̀kan pàápàá ní ewu díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní méjì, kíndìnrín wọn ò ní bàjẹ́ láéláé.

Àmọ́ jíìnì kíndìnrín ń bá kíndìnrín lọ sí ilé tuntun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé kíndìnrín òkú tó ní méjì máa ń tètè daṣẹ́ sílẹ̀ lára ẹni tó gbà á, ẹni tó wà láàyè tó ní méjì tó sì fi ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó kù fún un lè máa rẹ̀wẹ̀sì. Ní 2021 wọ́n tún rí i pé tí ẹni tó gbà á bá ní APOL1 yìí, ìkọ̀sílẹ̀ T cell pọ̀ sí i, torí APOL1 wà nínú sójà náà. Èrò tèmi, mi ò sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé ìwòsàn kankan, ni pé tí àbúrò ọmọ ọdún 25 bá fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí kíndìnrín ẹ̀ bàjẹ́ láìnídìí, kí wọ́n yẹ APOL1 àbúrò wò kí wọ́n tó gé e. Láti 2000 tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó, HLA la ń gbájú mọ́, ó dáa, àmọ́ kò tó fún irú wa.

Ìbéèrè dé. Bọ̀dá kan ní òun gbọ́ pé wọ́n ti ń lo ti ẹlẹ́dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kẹta 2024 ní Boston kan náà, wọ́n fi kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tún jíìnì ẹ̀ ṣe níbi 69 sára ọkùnrin kan, wọ́n fá ilà ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lójú ẹ̀, ká sọ ọ́ báyẹn. Ọkùnrin yẹn kú lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n ní kì í ṣe pé ara ẹ̀ kọ kíndìnrín ló pa á. Àlùfáà tó wà lẹ́yìn ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì.

Àǹtí Táyé ló bèèrè kẹ́yìn. Ó ní ṣé kí òun pe Kẹ́hìndé fún tẹ́ẹ̀sì. Mo bi í ṣé ẹ jọra. Ó ní "Rárá o, èmi pupa, òun dúdú, ó tún ga jù mí lọ." Mo ní tóò, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ó gbé fóònù níbẹ̀, ó pè é lójú gbogbo wa, ó ní "Kẹ́hìndé, tí kíndìnrín mi bá bàjẹ́, ṣé o máa fún mi ní tìẹ?" A gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé nínú spíkà: "Táyé, ṣé o ti jẹun lónìí?"